Kámẹ́rà Tí Omi Ò Lè Wọ̀

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Ìyá Oníbéèrè, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú òtútù, nítorí wọ́n sọ fún mi pé òtútù ibi tí o wà máa ń wọ eegun. Ara mi le. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń ṣe bíi pé òun kọ́ ló gbé mi dé ọjọ́ orí yìí. Òrùlé ẹ̀yìn ilé tó ń jò, mo ti tún un ṣe. Kò jò mọ́, àfi bí òjò bá gba ọ̀nà odò wá.

Má bínú pé ìwé lò ń rí dípò ohùn mi. Fóònù kékeré tí o rà fún mi ti wọ omi. Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn, mo lè ka ẹẹ́ta. Mo tẹ̀ síwájú láti gba ẹrù lọ́wọ́ aránṣọ tó fẹ́ wọ ọkọ̀, ó yọ̀ bọ́ lápò mi, ó di ti odò. Mi ò fẹ́ òmíràn. Fóònù àti odò ò bára wọn rẹ́, èmi tí mo wà láàárín ni mò ń jẹ̀bi. Tíṣà tó ń wọ ọkọ̀ mi láràárọ̀ ní òun á máa bá mi gbé ìwé lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Bá mi wá kámẹ́rà kan tí omi ò lè wọ̀. Kámẹ́rà gan-an ni mò ń wí, tó ní bọ́tìnì téèyàn ń tẹ̀ tó máa dún. Kó má wọ́n. Kì í ṣe pé mo fẹ́ di oníṣẹ́ fọ́tò, mi ò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni díje. Fọ́tò lásán ni mo fẹ́ máa yà nínú ọkọ̀.

Àwọn tó ń ṣe afárá ti gbé òpó tó kẹ́yìn nàró. Ẹnjiníà wọn wá bá àwa ọlọ́kọ̀ létí odò, ó ní tó bá fi máa di ìparí oṣù kẹfà, mọ́tò á ti máa gba orí rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, tètè ṣe é.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ pẹ̀lẹ́ orúnkún, ẹ sì pẹ̀lẹ́ fóònù. Mi ò ní í sọ nǹkan kan nípa fóònù.

Ibi ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì náà ni mo ṣì wà. Ẹ̀rọ méjì ti dákẹ́ nínú mẹ́fà, àwọn àlejò ò sì torí ìyẹn sùn sórí bẹ́ẹ̀dì láìtẹ́ aṣọ. Ọwọ́ ni a fi ń fọ èyí tó kù. Èékánná mi ti funfun bíi ti ẹni tó ń gbé inú omi.

Mo ti lọ wo kámẹ́rà. Ìsinmi mẹ́ta ni mo fi lọ, ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni mo wọ̀. Bí mo bá ti ní omi ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, ìbéèrè ni ẹni tó ń tajà á máa da bò mí, mi ò sì mọ ìdáhùn. Báwo ni omi yín ṣe jìn tó? Ṣé ẹ máa rì í sómi ni, àbí omi á kàn máa ta sí i? Ṣé ó máa ṣubú? Ṣé ẹ fẹ́ kó lè fa ohun tó jìnnà mọ́ra? Ṣé níbi tó ṣókùnkùn ni? Ọ̀kan wà tó nípọn, tó lè dé ìsàlẹ̀ òkun, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ á jẹ́ kí ẹ fẹ́ fún mi ní ìmọ̀ràn. Ọ̀kan wà tó rọ̀ mí lọ́rùn, ó dà bí ohun ìṣeré ọmọdé, ẹni tí wọ́n bá sì fi yà dà bí ẹni téèyàn rí lójú àlá. Ẹ̀kẹta kì í ṣe kámẹ́rà rárá. Àpò rọ́bà ni, téèyàn ń ki fóònù bọ̀. Tó bá jẹ́ tèmi, ẹ jẹ́ kí n ra fóònù ńlá tó ń ya fọ́tò, kí ẹ ki í bọ àpò yẹn, kí ọ̀rọ̀ tán.

Bàbá, ẹ má bínú, mo tún ní láti béèrè. Kí lẹ fẹ́ fi fọ́tò lásán ṣe? Iná tí wọ́n ń so mọ́rí tí mo rà fún yín ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Aṣọ òjò tí mo rán lọ́dún kẹta sẹ́yìn, nígbà tí mo béèrè rẹ̀, ẹ ní ẹ fi bo ẹ́ńjìnnì. Mi ò fẹ́ ra ohun tó máa lọ sùn sínú àpótí. Ẹ fara balẹ̀ dá mi lóhùn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Ìyá Oníbéèrè,

Mo kí ọ, ṣùgbọ́n kíkí yìí ò dénú. Kámẹ́rà ni mo ní kó o fi ránṣẹ́, ìdánwò lo fi ránṣẹ́. Mo ka ìwé rẹ tán, mo tún ní kí tíṣà bá mi kà á, bóyá mo ti fo ibi tí kámẹ́rà wà. Kò sí níbẹ̀.

Ó dáa. Mo ti jókòó, màá ṣe ìdánwò náà. Omi wa jìn. Láàárín odò, ọ̀pá méjì tí a so pọ̀ kò kan ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja kọ́ ni mo fẹ́ yà, orí omi ni mo wà. Ṣé ó máa ṣubú? Ohun gbogbo ló ń ṣubú nínú ọkọ̀, títí kan àwọn èrò. Ṣé kó lè fa ohun tó jìnnà mọ́ra? Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni ọkọ̀ mi gùn, kí ló jìnnà níbẹ̀? Ọ̀sán gangan ni, òkùnkùn kankan ò sí níbẹ̀. Àpò rọ́bà tí ò ń wí yẹn, aránṣọ ní ọ̀kan. Mo gbìyànjú rẹ̀. Ọwọ́ mi ti yi bí èèpo igi, ó sì máa ń tutù. Bí mo bá fi kan gíláàsì yẹn láti òde rọ́bà, ńṣe ló dà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Bọ́tìnì ni mo fẹ́. Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Aṣọ òjò ńkọ́? Bí èmi bá tutù, màá gbẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, gbogbo wa la máa sùn sójú omi.

O wá béèrè pé kí ni mo fẹ́ fi fọ́tò lásán ṣe. Ìyẹn dùn mí. Ìyá rẹ jókòó sí iwájú ọkọ̀ mi fún ọdún mọ́kànlélógún. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló máa ń bá mi lọ, òun níwájú pátápátá, èmi lẹ́yìn nídìí ẹ́ńjìnnì. Bí mo bá pa ojú dé nísinsìnyí, ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni mò ń rí, pẹ̀lú ìborí aláwọ̀ ewé yẹn, àti bó ṣe máa ń yíjú padà láti bú mi pé mò ń sáré jù. Kò sẹ́ni tó yà á ní fọ́tò níbẹ̀ rí. Èyí tó kù sílé ni ti káàdì ìdìbò, tó ń wo ọ̀kánkán bíi pé ọlọ́pàá ló dúró níwájú rẹ̀. Obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín títí tí omijé fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tó bá rí fọ́tò yẹn á rò pé ó burú.

Ó mọ́ mi lára láti máa rí i níbẹ̀, ni mo ṣe rò pé kò sóhun tó ń lé mi. Ní oṣù kẹfà, aránṣọ, tíṣà, alátùn-únṣe rédíò, gbogbo wọn á gba orí afárá, mi ò ní rí wọn mọ́ bí wọ́n ṣe máa ń jókòó. Mi ò fẹ́ kí ó tún ṣe mí lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe nìyẹn. Ṣé ó tó?

Wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi, iṣẹ́ ọmọ gan-an ni mo rán ọ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ibi ìfọṣọ ni mo ti ka ìwé yín, láàárín ẹ̀rọ méjì tó ń yí. Ariwo wọn ni kò jẹ́ kí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gbọ́ mi.

Ẹ má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èmi náà bínú díẹ̀. Ọdún méje ni mo ti kúrò nílé, ọdún mẹ́rin ni màmá ti lọ, ẹ ò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi rí. Ká ní ẹ sọ ọ́ nínú ìwé àkọ́kọ́ ni, ìbéèrè kan ò ní jáde lẹ́nu mi. Ẹ kọ ọ́ pé "fọ́tò lásán." Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ohun tó bá jẹ yín lógún jù lẹ máa ń pè ní lásán, àwa á wá máa fọwọ́ tá a kiri nínú òkùnkùn.

Mo ti rà á. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀. Ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ àlejò lúwẹ̀ẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì wa ló ní in. Méjì ni tirẹ̀, ó ta ọ̀kan fún mi. Àwọ̀ ọsàn tó pọ́n ni, kó lè hàn síni tó bá já sómi. Ó ṣù, ó gba ọwọ́, bọ́tìnì rẹ̀ ga débi pé àtàǹpàkò yín á rí i láìwò. Mo rì í sínú bàsíà omi ọṣẹ, mo jókòó tì í ní gbogbo àkókò oúnjẹ ọ̀sán, mi ò jẹun. Nígbà tí mo yọ ọ́, mo fi ya ẹsẹ̀ ara mi. Ó mọ́ kedere, títí kan ibi tí bàtà ti ń bó mi.

Ẹ gbọ́ o, èyí ṣe pàtàkì. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú ibẹ̀ ni bátìrì wà, pẹ̀lú káàdì kékeré tí fọ́tò ń wọ̀ sí. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ilẹ̀kùn náà ká. Rọ́bà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí irun kan tàbí iyanrìn kan bá há sí i, omi ti rí ọ̀nà. Ẹ má ṣí i nínú ọkọ̀, ilé ni kí ẹ ti máa ṣí i. Ẹ tọ́jú rọ́bà náà dáadáa, Bàbá, bí ẹ ṣe ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì yín gan-an.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé lókè yàrá mi ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní òun fúnra òun á gbé e dé etí odò.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni nọ́ọ̀sì yẹn wà? Mò ń béèrè nítorí kò dé.

Láti ọjọ́ tí ìwé rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni mo ti ń wo gbogbo obìnrin tó bá gbé báàgì wá sí etí odò. Mo bi mẹ́ta nínú wọn bóyá nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Ìkẹta bi mí bóyá mo mọ ọkọ òun.

Wọ́n ti da kọnkéré sórí afárá. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń juwọ́ sí mi látòkè, èmi náà ń juwọ́ sí wọn, ẹni rere ni wọ́n, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n alátùn-únṣe rédíò ti kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí òdìkejì, kó lè wà nítòsí ibi tí mọ́tò á ti máa sọ̀ kalẹ̀. Kò wọ ọkọ̀ mọ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó sápá òsì, tó ń gbé rédíò onírédíò sórí ẹsẹ̀. Mi ò yà á.

Wá nọ́ọ̀sì yẹn rí.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú sùúrù. Èmi ò ní mọ́.

Mo pe nọ́ọ̀sì náà ní ìgbà mọ́kàndínlógún kó tó gbé e. Ó ní bí òun ṣe ń dé, ẹ̀gbọ́n òun bímọ ní ìlú mìíràn, ibẹ̀ ni òun gbà lọ tààrà. Kámẹ́rà wà nínú àpótí òun, lábẹ́ àwọn aṣọ tí òun ò tíì tú. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi ń dúró. Ó ní, "Kí ló dé tó o fi ń dààmú báyìí? Ṣebí kámẹ́rà lásán ni."

Ọ̀rọ̀ ara mi ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ yẹn. Ó ṣèlérí pé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́. Bí kò bá dé, ẹ kọ̀wé kíá.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ìyá Oníbéèrè,

Kámẹ́rà dé lọ́jọ́ kejìlá. Ó ti kú.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi jẹ ayé. Bọ́tìnì yẹn dára gẹ́gẹ́ bí o ṣe sọ. Aránṣọ ní apá ọ̀tún ni kí n ti ya òun, nítorí òun ò tíì rán apá òsì aṣọ tí òun wọ̀ tán. Tíṣà ya fọ́tò mẹ́rin, ó ní kò sí èyí tó jọ òun níbẹ̀. Mo ya ọkùnrin tó ń sùn lójoojúmọ́ láti etí odò kan dé èkejì, tí kò sì pàdánù ibi tó ti máa bọ́ọ́lẹ̀ rí. Má-kánjú, ọlọ́kọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, tí kò sẹ́ni tó kánjú tó o láyé, dáwọ́ iṣẹ́ dúró kí n lè yà á. Omi ń ta sí kámẹ́rà yẹn, mo kàn ń gbọ̀n ọ́n dànù. Mo ní ọmọ mi ṣe é, ó ṣe é.

Nígbà tó pé ọjọ́ kọkànlá tó ti dé, mo rí ìkùukùu nínú ojú rẹ̀. Inú ni, kì í ṣe òde. Mo nù ún, kò lọ. Mo mì ín, mo gbọ́ omi. Mo yí ojú rẹ̀ sí ara mi láti wo ohun tó ń ṣe é, mo ń tẹ bọ́tìnì. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ló bá dákẹ́.

Àlòkù. O ra àlòkù fún bàbá rẹ. O ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó lè fẹ̀sọ̀ mú nǹkan tó bí mo ṣe mú un. Àràárọ̀ ni mò ń ṣí ilẹ̀kùn kékeré yẹn lórí tábìlì, nínú ilé, bí o ṣe wí. Màá nu rọ́bà náà, màá wá fi gíríìsì kùn ún yípo, gíríìsì tuntun, èyí tí mo fi ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì yẹn ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún, omi ò wọ̀ ọ́ rí. Nítorí náà, má sọ pé èmi ni.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí afárá ṣí. Bá ẹni tó tà á fún ọ sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Gíríìsì.

Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn, mo gbé ìwé sílẹ̀, mo lọ ká tówẹ̀lì ọgọ́rùn-ún. Mo padà wá, ó ṣì wà níbẹ̀.

Bàbá, rọ́bà inú kámẹ́rà kì í ṣe rọ́bà inú ẹ́ńjìnnì. Tí gíríìsì bá kàn án, wíwú ló máa ń wú, bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Bó bá ti wú, ilẹ̀kùn ò lè pa dé mọ́, bẹ́ẹ̀ ojú ò ní rí i. Àràárọ̀ lẹ̀ ń kùn ún. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣílẹ̀kùn fún omi. Mo sọ fún ọkùnrin tó tà á, ó fọwọ́ bojú. Kò tiẹ̀ bú mi, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ má pè é ní àlòkù mọ́. Ọjọ́ ìsinmi mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ kí n tó rà á.

Èyí tó kù báyìí, orí ara mi ni mò ń bú. Ọkùnrin yẹn sọ fún mi lójúkojú pé kò sí ohun tó gbọdọ̀ kan rọ́bà náà àfi aṣọ gbígbẹ. Mi ò kọ ọ́ sí yín. Mo rò pé, ta ló máa fi nǹkan sí i? Mo ti pẹ́ nílẹ̀ yìí, mo ti gbàgbé ilé tí mo ti wá. Bàbá tó fi gíríìsì sí gbogbo ilẹ̀kùn ilé, tó fi sí kẹ̀kẹ́ mi títí mo fi ń yọ̀ lórí rẹ̀, tó fi sí ẹ̀rọ ìránṣọ màmá títí gbogbo aṣọ ilé ìwé mi fi ní àmì dúdú létí. Èmi yẹn náà ni mo tún fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé kí ẹ tọ́jú rẹ̀ bíi ẹ́ńjìnnì. Kí lẹ tún fẹ́ ṣe?

Mi ò lè rí òmíràn rà kí afárá tó ṣí. Mo ti ṣe é lọ́nà gbogbo, kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kékeré yẹn, ẹ yọ káàdì tó wà níbẹ̀. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ fi bébà wé e, kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí mi. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi nǹkan kan sí i.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje

Ọmọ mi,

Ẹ̀bi mi ni. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, má jẹ́ kí n tún un kọ.

Wọ́n ṣí afárá lọ́jọ́ kìíní oṣù yìí. Lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀, gbogbo wọn wọ ọkọ̀ mi, títí kan àwọn tí kò nílò rẹ̀. Alátùn-únṣe rédíò náà wá, ó jókòó sápá òsì. Mo ń wò ó, ọwọ́ mi ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀ kiri. Aránṣọ ní kí n má dààmú, òun á fi fóònù òun yà wá. Ó ki í bọ àpò rọ́bà yẹn, ó fọwọ́ kàn án, ó fọwọ́ kàn án, a ti gúnlẹ̀ kí fóònù náà tó gbọ́ ohun tó ń sọ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí etí odò láago mẹ́fà bí mo ṣe máa ń ṣe. Ẹnì kan ò wá. Mọ́tò ń kọjá lókè, mi ò mọ ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Mo so ọkọ̀ mọ́ èèkàn, mo wálé. Inú ń bí mi, mi ò sì rí ẹni tí màá bínú sí. Afárá dára. Aláboyún kan kọjá lórí rẹ̀ lálẹ́ àná, lásìkò tí ọkọ̀ kankan ò ní í gbé e.

Káàdì nìyí. Èékánná àtàǹpàkò mi fẹ̀ jù ú lọ. Mi ò rò pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Bàbá mi,

Ó ṣí. Mo gbé e lọ bá akọ̀wé òtẹ́ẹ̀lì wa, ó ki í bọ ẹ̀rọ rẹ̀, ni gbogbo èrò ọkọ̀ yín bá yọ sí wa lọ́fíìsì.

Fọ́tò mẹ́rìnlélógójì ni. Mo rí aránṣọ láti apá ọ̀tún. Mo rí tíṣà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo rẹ̀ ló jọ ọ́. Mo rí ọkùnrin tó ń sùn. Mo sì rí ohun kan tí ẹ ò sọ fún mi. Ọkọ̀ kún fọ́fọ́ nínú gbogbo wọn, àwọn kan dúró, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jókòó sí pákó iwájú. Ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Fọ́tò màmá lẹ̀ ń yà, Bàbá. Òun nìkan ni ò sí níbẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí n bá yín jà. Mo wo fọ́tò mẹ́tàlélógójì, ẹ ò sí nínú ẹyọ kan. Ẹ tiẹ̀ ya àgùntàn tí èrò kan gbé wọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ bínú sí mi pé màmá ò ní fọ́tò nínú ọkọ̀, ẹ wá gba kámẹ́rà, ẹ ya gbogbo ayé, ẹ fi ara yín sílẹ̀. Ta lẹ rò pé ó máa wá béèrè fọ́tò yín lọ́jọ́ kan? Ọdún méje ni mi ò fi rí ojú yín. Ohùn nìkan ni fóònù yẹn ń gbé.

Ìkẹrìnlélógójì ni mo tún wò gbẹ̀yìn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá a mọ̀. Ìkùukùu bò ó. Ojú ọkùnrin kan ni, ó súnmọ́ tòsí jù, ó di ojú kan, ó lejú, ó ń wò mí bíi pé èmi ni mo ba nǹkan rẹ̀ jẹ́. Irun rẹ̀ funfun pátá. Mi ò mọ̀ pé irun yín ti funfun báyẹn. Ìgbà tí ẹ yí i sí ara yín láti wo ohun tó ń ṣe é ni. Ẹ ní ó dún lẹ́ẹ̀kan.

Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ̀dà kan wà nínú ìwé yìí. Òun nìkan ni mo ní.

Ọkùnrin tó ń kọ́ni lúwẹ̀ẹ́ ta kámẹ́rà kejì fún mi, ó ń bọ̀ nínú páálí. Bébà kan wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ tú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ní kí Má-kánjú tù ú, ẹ fún aránṣọ ní kámẹ́rà. Kí ẹ̀yin fúnra yín lọ jókòó síwájú. Ẹ má béèrè pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án

Ìyá Oníbéèrè,

Ó dé. Nọ́ọ̀sì kankan ò fọwọ́ kàn án. Mo ka ohun tí o lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Tíṣà náà kà á, ó rẹ́rìn-ín títí, mi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Kámẹ́rà wà nínú yàrá, agolo gíríìsì wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì, mo sì ti gbé kọ́kọ́rọ́ ṣẹ́ẹ̀dì fún aránṣọ.

Mo wo fọ́tò ojú mi tí o rán. Mo kọ́kọ́ rò pé bàbá mi ni.

Mo ṣe bí o ṣe wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn ò yẹ kó máa pàṣẹ fún bàbá rẹ̀ báyẹn. Má-kánjú wà nídìí ẹ́ńjìnnì, aránṣọ wà láàárín, èmi lọ síwájú. Láti ọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀ yẹn, mi ò jókòó síbẹ̀ rí. Ẹ̀yìn ni ipò mi. A ò tíì dé àárín odò tí ìdí ti ń dùn mí, pákó ibẹ̀ le. Kékeré nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, omi á máa ta síni lójú, kò ní dáwọ́ dúró, ibi yòówù téèyàn ì báà kọjú sí. Ẹni tó wà lẹ́yìn ò lè mọ̀. Mo fara dà á títí, mi ò lè fara dà á mọ́, mo yíjú padà, mo bú Má-kánjú pé ó ń sáré jù. Ìgbà yẹn gan-an ni aránṣọ tẹ bọ́tìnì.

Ọdún mọ́kànlélógún. Mo rò pé ìyá rẹ kàn fẹ́ràn kó máa bú mi ni.

Káàdì wà nínú ìwé yìí, mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Wàá rí i pé ojú mi tutù. Púpọ̀ nínú rẹ̀, omi odò ni.

Bàbá rẹ.